KÒKÒRÒ TÍ KÒ GBỌ́ OÒGÙN: KÍ A MÁ DI Ẹ̀BI RU ÀLEJÒ

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kò dùn púpọ̀ létí, ṣùgbọ́n ó kan oníṣòwò, ó kan olùkọ́, ó kan onílé, ó sì kan àlejò. Àwọn àgbà wa wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ́rẹ́huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Kòkòrò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, ojú lásán kò lè rí i. Inú omi ni ó ń gbé, inú ìgbẹ́ ni ó ń gbé, ara egbò ni ó ń gbé. Oògùn tí ń pa á tẹ́lẹ̀ kò ràn án mọ́. Ibi tí ó ti ń yára gbilẹ̀ jù lọ ni ibi tí a bá ti lé àwọn ènìyàn kúrò nílé wọn, tí wọ́n sì há mọ́ ara wọn láìsí omi mímọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a gbé ojú wa sí etí òkun Ìlàjẹ lónìí.

ÀWỌN TÍ ÒKUN LÉ DÉ

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí ní èbúté Igbókòdá, tí ó sì kọjú sí ìhà òkun, mọ bí ilẹ̀ náà ti rí. Omi lọ́tùn-ún, omi lósì. Orí òpó igi ni ọ̀pọ̀ ilé dúró lé. Ẹja àti edé ni oúnjẹ, àwọn náà ni owó ilé ìwé ọmọ. Ní 1947 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú Ayétòrò dó sí etí òkun yìí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àpò kan náà ni owó wọn ń wọ̀, òkìkí wọn sì kàn dé òkè òkun. Ṣùgbọ́n òkun tí wọ́n tẹ ìlú sí etí rẹ̀ ti ń jẹ ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ó ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé gbígbé mì, ó gbé ilé iṣẹ́, kò sì bọ̀wọ̀ fún ilé ìsìn. Awóyè àti Mólútẹ́hìn náà ti mọ bí ó ti ń dun ni tó. Láti 2004 ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí NDDC ti gbé iṣẹ́ dídí òkun ní Ayétòrò jáde fún agbaṣẹ́ṣe. Ọdún ń gorí ọdún, àmọ́ òkun kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe òkun nìkan ni ó ń lé ènìyàn ní agbègbè yìí. Láàárín 1998 sí 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ Àrógbò. Iná jó abúlé, ènìyàn kú, àwọn ará ìhà méjèèjì sì sá kiri pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí.

Èdè wa ní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ogunléndé ni à ń pè é, ẹni tí ogun lé dé ọ̀dọ̀ ẹni. Bí ó bá wá ṣe òkun ni ó lé e ńkọ́? Kí a kúkú pè é ní òkunléndé, nítorí ìyà kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Ẹlòmíràn a sún sẹ́yìn díẹ̀ nínú ìlú kan náà, a tún ilé pákó kọ́, òkun a sì tún bá a níbẹ̀. Ẹlòmíràn a gba ilé ìbátan lọ ní Igbókòdá tàbí Òkìtìpupa. Ẹlòmíràn a kọrí sí Mákòkó ní Èkó, níbi tí Ìlàjẹ àti Ègùn ti jọ ń pẹja láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ gan-an kò fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, nítorí pé ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé tí ó wà lórí omi náà.

Ẹ̀yin onílé mọ ohun tí ń tẹ̀lé e. Yàrá tí ó gba ènìyàn mẹ́rin di ti ènìyàn mẹ́sàn-án. Ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo di ti ilé mẹ́ta. Kẹ́ẹ̀gì omi tí a ń lò fún ọjọ́ méjì kò tó ọ̀sán mọ́.

Ẹ̀SÙN TÍ A FI Ń KAN ÀLEJÒ

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá wá mú ọmọ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí wọn yóò sọ. Wọn a ní kí àwọn wọ̀nyí tó dé, kò sí nǹkan tí ó jọ ọ́. Wọn a ní àwọn ni wọ́n kó o wá. Ìyá ọlọ́mọ a fa ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ àlejò, ọmọ ilé ìwé a sì máa pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹlẹ́gbin.

Nísinsìnyí, ẹ̀sùn náà ti wọ aṣọ tuntun. Àwọn tí ó gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìṣègùn ń sọ pé ara àwọn ogunléndé kún fún kòkòrò tí oògùn kò lè pa, nítorí náà kí á jìnnà sí wọn. Òtítọ́ díẹ̀ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n irọ́ ńlá ni wọ́n fi yí i ká. Ẹ jẹ́ kí a yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

BÍ KÒKÒRÒ TI Ń DI ALÁGÍDÍ

Ara wa kún fún kòkòrò àìfojúrí. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe wá ní ibi kankan, àwọn mìíràn nínú ìfun tilẹ̀ ń ràn wá lọ́wọ́. Àwọn kan ni ó ń dá àìsàn sílẹ̀: òmíràn ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun, òmíràn ń fa onígbáméjì, òmíràn ń fa òtútù àyà, òmíràn ń jẹ́ kí egbò kẹ̀. Ní 1928 ni Alexander Fleming, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ṣàwárí pẹnisílíìnì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù dé: tẹtirasáìkílìn, Ampiclox, Septrin, Flagyl àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn apakòkòrò ni n ó máa pè wọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gba ẹ̀mí là tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi rò pé kò sí ohun tí wọn kò lè wò.

Ṣùgbọ́n Fleming fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún ayé. Ní 1945, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá, ó pa ìtàn ọkùnrin kan tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn. Ọkùnrin náà ra pẹnisílíìnì fúnra rẹ̀, ó lo ìwọ̀nba tí kò tó láti pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n tí ó tó láti kọ́ ọ ní bí a ti í gba ara ẹni sílẹ̀. Ó wá kó àìsàn náà ran ìyàwó rẹ̀. Pẹnisílíìnì kò ran ti obìnrin náà mọ́, ó sì kú. Fleming bi àwọn tí ó jókòó léèrè pé ta ni ó jẹ̀bi ikú rẹ̀. Ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan ẹja, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún yín. Ẹja tí a gbé kúrò lórí iná nígbà tí awọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ á dára nínú apẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọjà Òkìtìpupa, inú rẹ̀ á ti dìdin. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tí a ní kí ó lo oògùn ní ọjọ́ méje, tí ó jáwọ́ ní ọjọ́ kejì nítorí pé ara ti ń tù ú. Àwọn kòkòrò tí kò lágbára ni oògùn kọ́kọ́ ń pa. Àwọn alágídí díẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù, àwọn ni wọn yóò sì máa bímọ. Kòkòrò inú ìfun kan wà tí ó lè pín sí méjì láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, bí ó bá rí oúnjẹ àti ooru tí ó tó. Bí kò bá sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè di bílíọ̀nù kan láàárín wákàtí mẹ́wàá. Bí bàbá wọn bá jẹ́ alágídí, alágídí ni gbogbo wọn.

Èyí tí ó tún burú jù ni pé wọ́n ń kọ́ ara wọn. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà Japan rí i pé ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí ń jà níbẹ̀ kò gbọ́ oògùn mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1959, àwọn onímọ̀ wọn rí àrídájú pé kòkòrò kan lè gbé agídí yìí lé kòkòrò ẹ̀yà mìíràn lọ́wọ́, bí ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bá jókòó ti ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà, tí ó fi àṣírí iṣẹ́ hàn án. Kòkòrò inú ìfun tí kò ṣe ọmọ yín ní nǹkan kan lè di àṣírí yìí mú. Bí ti jẹ̀funjẹ̀fun bá wá wọlé, ó lè fi lé e lọ́wọ́. Ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín, wọ́n ti rí kòkòrò jẹ̀funjẹ̀fun tí àwọn oògùn àtijọ́ mẹ́ta tí a gbójú lé kò ràn mọ́.

Nítorí náà, ẹni tí kò gbé kápúsù kan mì rí láyé rẹ̀ lè ní kòkòrò alágídí nínú. Ìgbẹ́ ẹnìkan ni ó ti jáde, inú omi ni ó gbà kọjá, ẹnu ẹlòmíràn ni ó wọ̀. Kò bi í bóyá onílé ni tàbí àlejò.

OHUN TÍ OJÚ TI RÍ NÍ ILẸ̀ MÌÍRÀN

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, kí a lè fi ti ẹlòmíràn kọ́gbọ́n.

Èkínní ni Tanzania. Ní 1977, onígbáméjì dé ibẹ̀. Wọ́n pín tẹtirasáìkílìn káàkiri, kì í ṣe fún aláìsàn nìkan, wọ́n ń fún ẹni tí ara rẹ̀ le pẹ̀lú, kí àrùn má baà mú un. Nígbà tí àjàkálẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, oògùn náà ń pa kòkòrò rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún péré, 76 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn kòkòrò tí wọ́n yẹ̀ wò kò gbọ́ ti tẹtirasáìkílìn mọ́. Kò sí ogunléndé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oògùn tí a ń lò bí ẹ̀pà ni ó fà á.

Èkejì ni Goma, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Congo lónìí. Ní oṣù keje ọdún 1994, ogun Rwanda lé ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí òkúta ni wọ́n sùn sí, ilẹ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí gbígbẹ́ ihò ṣáláńgá fi di ìṣòro, omi adágún Kivu ni wọ́n sì ń mu. Onígbáméjì kọ́kọ́ dé, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tẹ̀lé e. Tẹtirasáìkílìn kò ran ti onígbáméjì, àwọn oògùn tí ó wọ́pọ̀ kò sì ran ti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Nǹkan bí 50,000 ènìyàn ni ó kú láàárín oṣù kan àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni ayé ti rí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí àìsí omi mímọ́ bá pàdé kòkòrò tí kò gbọ́ oògùn.

Ẹ̀kẹta ni Bangaon, ní ààlà ilẹ̀ Íńdíà, ní 1971. Ogun lé àwọn ará ilẹ̀ tí ó di Bangladesh lónìí dé ibẹ̀, onígbáméjì sì ń pa wọ́n bí eṣinṣin. Omi tí a ń fà sí ara láti inú ìgò tán. Dókítà Dilip Mahalanabis wá po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi mímọ́, ó ní kí àwọn ìyá àti ará máa fún àwọn aláìsàn mu lẹ́nu. Níbi tí ó ti tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn tí ń kú tẹ́lẹ̀, kò ju bí 4 lọ mọ́. Iyọ̀, ṣúgà àti omi ni wọ́n o! Kò sí kòkòrò tí ó lè di alágídí sí iyọ̀ àti ṣúgà, nítorí pé kì í ṣe kòkòrò ni wọ́n ń bá jà. Omi tí ó ń jáde kúrò lára ni wọ́n ń dá padà.

Ẹ̀kẹrin ni Yúróòpù. Nígbà tí àwọn ogunléndé láti Síríà àti ilẹ̀ mìíràn ń rọ́ wọ ibẹ̀, ẹ̀rù ba àwọn onílé. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 23 jọ, wọ́n sì kà wọ́n pa pọ̀. Wọ́n rí i pé nínú àwọn ogunléndé mẹ́ta tí a yẹ̀ wò, bí ẹnìkan ní kòkòrò alágídí lára. Òtítọ́ díẹ̀ tí mo sọ níṣàájú nìyí. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé kò sí ẹ̀rí pé àwọn àlejò ń kó o ran àwọn onílé lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n sì tọ́ka sí ìrìn àjò líle, àgọ́ tí ó há gádígádí àti àìrí ìtọ́jú bí ohun tí ń mú kí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn àlejò fúnra wọn. Ibi tí a bá to ènìyàn jọ sí láìsí omi àti ṣáláńgá ni ilé ẹ̀kọ́ kòkòrò alágídí. Bí a bá pa ilé ẹ̀kọ́ náà tì, ta ni yóò jáde níbẹ̀?

OMI KAN NÁÀ NI GBOGBO WA Ń LÒ

Ẹ wá padà wá sí etí òkun wa. Ohun gbogbo tí mo kà sílẹ̀ yìí, èwo ni kò sí níbẹ̀? Omi yí wọn ká, ṣùgbọ́n omi mímu ṣọ̀wọ́n, nítorí pé omi iyọ̀ ti wọ inú ilẹ̀. Omi òjò tàbí omi inú ọ̀rá tí ọkọ̀ gbé wá ni ọ̀pọ̀ ń mu, owó ọkọ̀ sì ń bẹ lórí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ilé bá ti wà lórí omi, inú omi kan náà ni ìgbẹ́ ń bọ́ sí, níbẹ̀ náà ni a ti ń fọ abọ́, níbẹ̀ ni ọmọdé ti ń lúwẹ̀ẹ́. Dókítà jìnnà, kápúsù kò jìnnà. Bí inú bá run ọmọ ní òru, kápúsù méjì láti inú àpò ni yóò kọ́kọ́ jáde, èyí tí ó kù nínú ti bàbá rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà ní Igbókòdá, ní Òkìtìpupa, ní Oǹdó, ní Èkó, ẹ má ṣe rò pé ti àwọn ará odò nìkan nìyí. Ta ni nínú wa tí kò mọ ilé tí wọ́n ti ń tú kápúsù sí ojú egbò? Ta ni kò rí ẹni tí ó ń lo tẹtirasáìkílìn fún inú rírun kí ó tó rìnrìn àjò, tàbí tí ó ń lo Ampiclox fún ọ̀fìnkìn? Ọ̀fìnkìn kì í ṣe iṣẹ́ irú kòkòrò tí oògùn wọ̀nyí ń pa, bẹ́ẹ̀ ni ibà tí ẹ̀fọn ń fà kì í ṣe tiwọn. Àwọn tí ń sin ẹja nínú kòtò pàápàá, àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò sínú omi ẹja tí kò ṣàìsàn. Àwa onílé ti ń kọ́ kòkòrò ní agídí tipẹ́ kí òkunléndé tó kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ní 2019 nìkan, kòkòrò tí kò gbọ́ oògùn ni ó pa mílíọ̀nù kan ó lé 270,000 ènìyàn ní gbogbo ayé tààrà. Ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí ni ó ti pa ènìyàn jù lọ bí a bá fi iye olùgbé wò ó. Ní Nàìjíríà, wọ́n fi iye náà sí nǹkan bí 64,500 ní ọdún kan ṣoṣo yẹn. Ọmọ ìkókó tí òtútù àyà mú, ìyá tí ó bímọ tí ibà mú un lẹ́yìn ìbímọ, ọkùnrin tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀: àwọn tí kò yẹ kí ó kú nìyẹn.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Mo mọ̀ pé oníṣòwò kan á ní, “Olóòtú, èmi kò lè dí òkun.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ wa tó pọ̀.

Ìgbẹ́ gbuuru: Kí a má ṣe sáré mú kápúsù. Ẹ wá omi mímọ́ lítà kan, èyí tí í ṣe omi inú ọ̀rá méjì tí ó jẹ́ 50cl. Ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà tí a fi ọ̀bẹ ré ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ mọ́ ọn, pẹ̀lú iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ẹ máa fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀, bí ó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kí ìyá má dáwọ́ ọmú dúró, kí a má sì fi oúnjẹ dù ú. Bí ẹ bá rí èyí tí a dì sínú ọ̀rá kékeré ní ilé ìwòsàn, ó tún dára jù. Ẹ béèrè oògùn zinc fún ọmọdé pẹ̀lú, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni a ń lò ó. Bí ìgbẹ́ bá funfun bí omidan ìrẹsì, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tàbí tí kò lè mu nǹkan, ẹ wọ ọkọ̀ lọ́gán. Ẹ máa fún un mu lọ́nà títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn.

Oògùn apakòkòrò: Ẹ má ṣe lò ó láìjẹ́ pé dókítà tàbí nọ́ọ̀sì wí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wí, iye tí ó wí ni kí ẹ lò, fún iye ọjọ́ tí ó wí. Ẹ má ṣe pín in fún aládùúgbò, ẹ má ṣe fi ìyókù pamọ́ de ọjọ́ mìíràn, ẹ má ṣe tú u sí ojú egbò. Omi mímọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ egbò. Bí ẹ bá lo oògùn tí ara kò yá, ẹ má ṣe rà èyí tí ó lágbára jù ú lọ fúnra yín. Ẹ bi dókítà bóyá a lè yẹ kòkòrò náà wò, kí a mọ oògùn tí yóò gbọ́.

Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, mo mọ̀ pé oníbàárà tí ẹ kò bá tà fún lè lọ sí ìsọ̀ kejì. Ṣùgbọ́n àdúgbò kan náà ni àwọn ọmọ yín ń gbé. Kápúsù méjì méjì tí ẹ ń gé tà lónìí, àwọn ni kò ní ran ọmọ yín lọ́la.

Omi: Ẹ sè é títí yóò fi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi ìdérí bò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé sísè kò lè yọ iyọ̀ òkun kúrò. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ fọ òrùlé, kí ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, omi tí ẹ fi ń fọ ẹja tútù ṣe pàtàkì, ọwọ́ tí ẹ fi ń tà á pẹ̀lú.

Ẹ̀yin olùkọ́: Bí ọmọ òkunléndé bá wọ kíláàsì yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jókòó lọ́tọ̀, ẹ má sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti pè é ní ẹlẹ́gbin. Omi àti ọṣẹ lẹ́bàá ṣáláńgá ilé ìwé wúlò ju ìyàsọ́tọ̀ lọ. Ẹ kọ́ gbogbo ọmọ ní bí a ti ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó mọ̀ ọ́n pò lè gba ẹ̀mí àbúrò rẹ̀ là ní òru.

Ẹ̀yin onílé: Kí a jọ kó owó jọ fún ṣáláńgá kejì, ó sàn ju kí a kó àlejò jáde. Ẹni tí a lé jáde kò kúrò lórí ilẹ̀. Ẹ̀yìn ilé wa ni yóò lọ pàgọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò ti máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, odò tí à ń mu náà ni òjò yóò sì gbé e lọ.

Ìjọba: A kò ní kọ ọ̀rọ̀ yìí tán kí a má kàn wọ́n. Orílẹ̀-èdè yìí gbé ètò kalẹ̀ ní 2017 láti gbógun ti kòkòrò tí kò gbọ́ oògùn, ó sì fi iṣẹ́ náà sí abẹ́ àjọ NCDC tí ń rí sí ìdènà àrùn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ètò tí ó wà ní Àbújá, tí kò dé èbúté, ọkọ̀ tí kò gbérò ni. Omi ẹ̀rọ fún àwọn ìlú etí òkun, ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì ń gbé inú rẹ̀, ilẹ̀ tí a ó kó àwọn tí òkun ti gba ilé wọn sí, iṣẹ́ dídí òkun tí a ṣe parí: oògùn ni gbogbo wọn. Olówó tí ó bá ka owó dídí òkun sí owó àwọn ará Ayétòrò nìkan kò mọ ìṣirò. Owó ìtọ́jú tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àlejò tí ó wọlé wá ba kòkòrò yìí nínú ilé wa, àwa náà sì bá a lára rẹ̀. Bí a bá dá a lẹ́bi, a kò ní wo omi wa, a kò ní wo àpò oògùn wa, kòkòrò náà á sì máa bímọ lọ. Ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú omi àlejò bí a ti ń tọ́jú tiwa, nítorí pé omi kan náà ni.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run kó wa yọ.